Kí ló dé tí kọ́fà magasíìnì orin mi fi ń jọ pósítà?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ká ṣe kọ́fà magasíìnì orin fún iṣẹ́ kíláàsì, hip-hop ni mo mú. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúkọ magasíìnì wà níbẹ̀, fọ́tò wà, bákóòdù wà, iye owó wà, gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ́ wa ni mo kó sí i, síbẹ̀ tíṣà wa ní pósítà ló ń jọ. Mi ò mọ ohun tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kó wà lójú kọ́fà, ibo ló sì yẹ kí kálukú wà?”

Àbúrò, mo ti rí èyí tó o fi ránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ ṣí i lórí fóònù, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, mo wá rìn sẹ́yìn títí mo fi fara ti ògiri òdìkejì, torí ibẹ̀ yẹn gan-an lèèyàn ti ń mọ̀ bóyá kọ́fà ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́. Òótọ́ lo sọ, kò sí nǹkan kan tó kù. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀. Fóǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, mẹ́fà ni mo kà níbẹ̀, àwọ̀ méje, ìràwọ̀ pupa mẹ́ta tó o kọ “Ọ̀FẸ́”, “TUNTUN” àti “KÀ Á BÁYÌÍ” sí, olórin rẹ wá dúró láàárín wọn látorí dé bàtà, ó rí kékeré bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Gbogbo wọn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, kò wá sí èyí tá a gbọ́.

Tíṣà yín ò parọ́ mọ́ ẹ o. Pósítà ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tán níbi tó wà: ta ni, ibo ni, ọjọ́ wo, aago mélòó, ó parí, o lè máa lọ. Kọ́fà ò gbọ́dọ̀ sọ tiẹ̀ tán. O ṣáà mọ̀ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí, tó bá dénú ẹ̀ a di odidi. Iṣẹ́ kọ́fà gan-an nìyẹn, àbọ̀ wà níta, odidi wà lójú ìwé 43, ẹni tó bá fẹ́ odidi á ṣí i. Torí náà, tó o bá ń bi mí pé kí ló yẹ kó wà níbẹ̀ àti ibo ló yẹ kó wà, màá dá ẹ lóhùn, àmọ́ ìbéèrè tó yẹ kó o máa bi ara ẹ nípa nǹkan kọ̀ọ̀kan ni pé ṣé èyí ń jẹ́ kéèyàn fẹ́ ṣí ìwé yìí, àbí ó kàn jókòó síbẹ̀ torí pé wọ́n ní kó wà níbẹ̀.

Fọ́tò ni ká kọ́kọ́ mú, òun ló jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá iṣẹ́ yẹn lójú tèmi. Wo èyíkéyìí nínú àwọn magasíìnì tó bá wà nítòsí ẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, láti orí dé àyà ni wọ́n gé fọ́tò mọ, tàbí ó pẹ́ tán kó dé ìbàdí, olórin á sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà bíi pé ìwọ gan-an ló ń wò. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàfarawé ara wọn lásán. Ó ṣòro kéèyàn rí ojú tó ń wò ó kó má wò ó padà, ọmọ jòjòló pàápàá ń ṣe é. Tó o bá ń kọjá níwájú ogún magasíìnì, tí ojú kan ń tẹ̀ lé ẹ, wàá yíjú. Olórin tìẹ ń wo apá ọ̀tún, síta ìwé, bẹ́ẹ̀ làwa náà bá a wo ìta, ojú wa bá kúrò lórí kọ́fà láìmọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ wo ẹ̀gbẹ́, yáa jẹ́ kó wo ibi tí àkọlé ńlá wà, kó fi ojú ẹ̀ mú wa débẹ̀.

Òfin yìí ṣeé rú, àwọn kan ti rú u lọ́nà tó mọ́yán lórí. Rolling Stone, magasíìnì orin kan ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ látọdún 1967, kọ́fà rẹ̀ àkọ́kọ́, ti 9 November ọdún yẹn, John Lennon, olórin ẹgbẹ́ Beatles, ló wà níbẹ̀, ó dé akoto sójà láti inú fíìmù kan tó ṣe. Ọkùnrin yẹn náà ló tún wà lójú kọ́fà wọn ní 22 January 1981, Annie Leibovitz ló ya fọ́tò yẹn ní 8 December 1980, Lennon wà níhòòhò, ó ká jọ mọ́ ìyàwó ẹ̀ Yoko Ono lára bí ọmọ tó fara mọ́ ìyá ẹ̀, kò sí ẹni tó wo kámẹ́rà nínú wọn. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn náà ni wọ́n yìnbọn pa á. Nígbà tó wá di pé kí wọ́n gbé e jáde, wọn ò kọ àkọlé kankan sí i, orúkọ magasíìnì nìkan ló wà lókè. Kí ni wọn ì bá tún kọ? Lọ́dún 2005 ẹgbẹ́ àwọn olóòtú magasíìnì ní Amẹ́ríkà mú un gẹ́gẹ́ bíi kọ́fà tó dáa jù lọ nínú ogójì ọdún. Mo sọ èyí kó o lè rí i pé nígbà tí fọ́tò bá ti sọ̀rọ̀, ẹnu làwa tó kù ń dì. Má wá lọ torí ẹ̀ pa gbogbo àkọlé ẹ rẹ́ o, fọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ tó dúró níwájú géètì yẹn ò tíì sọ nǹkan kan.

Ó kan orúkọ tó wà lókè, masthead làwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè é. Fọ́tò ń yí padà lóṣooṣù, àwọ̀ ń yí, àmọ́ ìrísí lẹ́tà yẹn kì í yí, ó dà bí ohùn ẹni tó o mọ̀ lórí fóònù, kó tó dárúkọ o ti mọ ẹni náà. Lẹ́tà ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ní ìró. Wo Kerrang! tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bìrìtéènì lọ́dún 1981 fún àwọn tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì líle, orúkọ yẹn fúnra ẹ̀, ìró gìtá ni nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ gbá okùn ẹ̀ lójijì, wọ́n wá ya lẹ́tà ẹ̀ bíi gíláàsì tó sán, ẹni tí ò ṣí i rí láyé ẹ̀ ti mọ̀ pé inú ibí yìí ò ní dákẹ́ rọ́rọ́. Q, magasíìnì orin míì ní Bìrìtéènì, ní tiẹ̀, láti 1986 títí dìgbà tó kógbá sílé ní 2020, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ní, funfun nínú àpótí pupa, ní igun òsì lókè, ó tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ wá fi fóǹtì onílà tín-ín-rín tó ń yípo bí ewé kọ orúkọ magasíìnì hip-hop. Àbúrò, káàdì ìgbéyàwó nìyẹn. Wá lẹ́tà tó ki, tó dúró gírí, kó fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, tàbí kó o dì í sí igun òsì bíi ti Q, ọ̀kan nínú méjèèjì, má fi í sáàárín kó máa léfòó.

O tún béèrè nínú lẹ́tà rẹ bóyá orí olórin lè bo lára orúkọ yẹn. Ó lè bò ó, ó tiẹ̀ máa ń dáa, torí ó ń jẹ́ kó dà bíi pé olórin yọ síta wá bá wa, orúkọ wá di ẹ̀yìn. Rolling Stone ń ṣe é dáadáa torí pé tí wọ́n bá bo ìdajì orúkọ yẹn, gbogbo èèyàn ló ṣì máa kà á. Ìwọ tí kò sẹ́ni tó mọ magasíìnì ẹ, rọra. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ṣe kọ́fà kan fáwọn kan, orúkọ wọn ní lẹ́tà mẹ́jọ, fìlà olórin bo mẹ́ta láàárín, inú mi ń dùn pé mo ti di ọ̀gá, àfìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde tẹ́nì kan kà á sókè, lẹ́tà márùn-ún tó ṣẹ́kù ń dún bí orúkọ oògùn apakòkòrò. Wọ́n ti tẹ gbogbo ẹ̀ tán. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fún ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yẹn ní kọ́fà, màá ní kó ka orúkọ yẹn fún mi, tó bá fi lè ṣe “ẹ̀n-ẹ́n…” báyìí, mo ti sún orí olórin wálẹ̀ nìyẹn.

Ibo ni kí ọ̀rọ̀ tó kù wà? Apá òsì ló lágbára jù, ó sì nídìí. Lórí pẹpẹ tí wọ́n ti ń ta magasíìnì, wọ́n máa ń to wọ́n gun ara wọn, ọ̀kan á bo èkejì, ìdá kan nínú mẹ́ta lápá òsì ló máa ń yọ síta. Ìdí nìyẹn tí àkọlé tí wọ́n bá fẹ́ kéèyàn rí fi máa ń wà lápá òsì. Ní báyìí tó jẹ́ pé orí fóònù lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́kọ́ rí kọ́fà, ìdánwò míì ti wà: sún un kéré títí tó fi tó èékánná àtàǹpàkò ẹ. Kí lo ṣì rí? Ó yẹ kó o rí ojú kan, orúkọ kan, àkọlé ńlá kan. Mo dán tìẹ wò bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ pupa mẹ́ta ni mo rí.

Àkọlé ńlá yẹn ni mo fẹ́ ká jókòó tì díẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sáré kọjá. Òun ló yẹ kó tóbi ṣìkejì sí masthead, ó sì sábà máa ń wà lórí àyà olórin tàbí nísàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, níbi tí aṣọ wà tí ojú ò sí. Orúkọ olórin á tóbi, ìlà kan ṣoṣo á wá tẹ̀ lé e ní lẹ́tà kékeré. Ohun tó o kọ síbẹ̀ ni “Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wa pẹ̀lú olórin tó ń lọ lọ́wọ́: ìgbé ayé rẹ̀, orin rẹ̀ tuntun àti ìdí tó fi kúrò nínú ẹgbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀.” O ti sọ ọ́ tán! Kí ni mo tún fẹ́ ṣí ìwé fún? Wò ó, inú gbólóhùn yẹn náà ni nǹkan tó dùn wà, o kàn sin ín sí ìparí ni. Pa “ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò” rẹ́, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé magasíìnì ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò. Pa “ìgbé ayé rẹ̀” rẹ́. Ó ku pé ó kúrò nínú ẹgbẹ́. Wá jẹ́ kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́: “Èmi kọ́ ni mo kúrò, àwọn ló tilẹ̀kùn.” Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré. Ta ni wọ́n? Ilẹ̀kùn wo? Èèyàn ti ń wá ojú ìwé 43 nìyẹn. Àmọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú ìwé lóòótọ́ o, kọ́fà tó bá ṣèlérí ohun tí kò sí nínú, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń rà á.

Àwọn àkọlé kéékèèké tó kù, mẹ́rin sí márùn-ún ti tó. Kọ orúkọ olórin tàbí kókó ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà tó ki, kó o fi ìlà kan tó fẹ́lẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ nísàlẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n tóbi bákan náà gbogbo wọn, àmọ́ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ìlà kan náà lápá òsì kí wọ́n má bàa dà bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Tó o bá ní orúkọ olórin púpọ̀ tí o ò ní àyè, to gbogbo wọn sínú ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀ pátápátá tàbí lókè orí masthead, àwọn magasíìnì rọ́ọ̀kì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ìràwọ̀ tàbí róbótó tó máa ń dà bíi sítíkà yẹn, ọ̀kan ni. Ẹ̀bùn tàbí nǹkan tó yàtọ̀ pátápátá ló wà fún, láyé ìgbà tí wọ́n ń lẹ kásẹ́ẹ̀tì àti CD mọ́ kọ́fà, ó níṣẹ́ tó ń ṣe. Tó bá di mẹ́ta kò sí èyí tó ṣe pàtàkì mọ́ nínú wọn.

Ti fóǹtì, méjì. Tó bá burú tán, mẹ́ta, masthead wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú kíláàsì yín máa dárúkọ David Carson fún ẹ, òun ló ṣe dísáìnì magasíìnì orin Ray Gun nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992, lẹ́tà máa ń gun lẹ́tà, ọ̀rọ̀ á gé lójijì, kódà lọ́dún 1994 ó ka ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò olórin kan, Bryan Ferry, kò dùn mọ́ ọn, ó bá fi Zapf Dingbats tò ó, fóǹtì tó jẹ́ àmì lásán, tí kò ní lẹ́tà kankan nínú! Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń bà jẹ́ kó tó bà á jẹ́, ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni.

Àwọ̀ rọrùn ju bó o ṣe rò lọ, inú fọ́tò ni kó o ti mú un. Jákẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ rẹ jẹ́ pupa rúsúrúsú, fi irinṣẹ́ tó ń mú àwọ̀ tẹ orí jákẹ́ẹ̀tì yẹn, lò ó fún masthead, fi funfun àti dúdú kún un, ó ti parí. Kọ́fà á wá dà bí ẹni pé àtọjọ́ tí wọ́n ti ń ránṣọ ni wọ́n ti mọ̀. Orin tó o mú náà ní àwọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́, orin mẹ́tàlì máa ń fẹ́ dúdú àti pupa, pọ́ọ̀pù máa ń fẹ́ àwọ̀ tó ń tàn yanran bíi ti magasíìnì Smash Hits láyé ijọ́un, jáàsì àti orin kilásíkà máa ń fi àyè sílẹ̀ rẹpẹtẹ pẹ̀lú lẹ́tà tó ní ìrù kékeré lẹ́sẹ̀. O lè yà kúrò nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé o mọ̀ọ́mọ̀ yà ni. Kó o tó gbà pé lẹ́tà ẹ ṣeé kà, yí gbogbo kọ́fà sí dúdú àti funfun kó o wò ó. Àwọ̀ yẹ́lò tó o kọ sórí ògiri funfun yẹn á pòórá pátápátá, nígbà yẹn lo máa mọ̀ pé kò sígbà kankan tó hàn rí.

Bákóòdù: igun ìsàlẹ̀, ọ̀tún tàbí òsì, inú àpótí funfun, ọjọ́, nọ́ńbà ìtẹ̀jáde àti iye owó á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Tìẹ wà láàárín ìsàlẹ̀, o sì kùn ún ní pupa kó lè bá ìràwọ̀ mu. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kà á ń tàn sí i, ìlà pupa lórí funfun, funfun lásán ni ẹ̀rọ yẹn máa rí. Dúdú ni kó o lò. Tó o bá tún fẹ́ kí ti inú àwòrán yẹn dà bí òótọ́, jẹ́ kí nọ́ńbà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 977, òun ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn ìwé tó ń jáde lóòrèkóòrè, tíṣà tó bá mọ̀ ọ́n máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, àbí? Jẹ́ kí n yára sọ èyí. A4 jẹ́ mìlímítà 210 sí 297, tó o bá fẹ́ kó jáde kedere ní 300 dpi, ìyẹn ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àmì tótó nínú ínṣì kan, fọ́tò ẹ gbọ́dọ̀ tó pixel (àmì tótó tó para pọ̀ di àwòrán) 2480 sí 3508. Èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp yẹn ò tó o, wọ́n ti fún un mọ́ra lójú ọ̀nà, gba ojúlówó ẹ̀ látinú fóònù tó yà á. Jẹ́ kí fọ́tò yọ mìlímítà 3 kọjá etí ìwé ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, torí ọ̀bẹ tó ń gé pépà kì í gé síbi kan náà nígbà gbogbo, má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan sún mọ́ etí. Mo ti rí kọ́fà tí ọ̀bẹ gé nọ́ńbà àkọ́kọ́ kúrò lára iye owó rẹ̀. Àwọ̀ tó ń tàn bíi iná lójú kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọ̀ ewé tó ń dáná yẹn, á rọ nígbà tí yíǹkì mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé bá gbé e, torí náà yí i sí CMYK, ìyẹn ètò àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin yẹn, kó o tó fẹ́ràn ẹ̀ jù.

Ohun tó o máa ṣe báyìí nìyí. Má tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, sọ ọ́ nù. Lọ tún fọ́tò yà, òòró ni kó o yà á, kì í ṣe ìbú. Ògiri tí kò ní nǹkan kan lára, ọ̀rẹ́ rẹ kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí kámẹ́rà wà ní déédéé ojú ẹ̀, láti ìbàdí sókè. Fi àyè sílẹ̀ lókè orí ẹ̀ fún masthead, tún sún un sí ọ̀tún díẹ̀ kí òsì lè ṣófo fún àkọlé, ibi tọ́pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyẹn, wọ́n á ya fọ́tò tó dáa tán, kò wá ní sí ibi tí lẹ́tà máa jókòó sí. Ya bí ọgọ́ta. Má ní kó rẹ́rìn-ín, má ní kó fajú ro, sọ fún un pé àwọn tó tilẹ̀kùn mọ́ ọn ló wà níwájú ẹ̀ yẹn, kó wá wò wọ́n.

Mú mẹ́ta tó dáa jù fi ránṣẹ́ sí mi, fọ́tò nìkan o, má tíì fi lẹ́tà kankan sí i.